Olú Tí Ń Rùn Bí Aáyù: Ẹ Má Fi Imú Nìkan Yan Ohun Tí Ẹ Ó Sè

Bí ilẹ̀ bá ti rin dáadáa, tí oòrùn sì yọ díẹ̀ lẹ́yìn òjò, olú a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí. Nígbà náà ni ẹ ó rí àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá àgbà tí wọ́n gbé olú sínú igbá lẹ́bàá ọ̀nà. Àwa ará ìlú ńlá kì í sì í jẹ́ kí ó kọjá wa, nítorí ọbẹ̀ olú dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn ọbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Mo fẹ́ sọ bí a ti í mọ olú tí ó yẹ kí ó wọ inú ìkòkò, àti ọ̀nà tí ènìyàn kò lè gbà mọ̀ ọ́n láéláé. Ohun tí ó fà á ni ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi ní Epinmi Àkókó.

Ìyá mi kékeré, èyí ni àbúrò ìyá tí ó bí mi, ń gbé ní Epinmi. Bí èmi bá ti Ìbàdàn lọ kí wọn, mo ní láti gba Ọ̀wọ̀ kọjá, kí n gba Ọ̀kà, kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilẹ̀ Àkókó wà níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ara wọn, òkè olókùúta sì pọ̀ níbẹ̀ láti Ìkàrẹ́ títí dé Ọ̀kà. Òjò ti rọ̀ dáadáa nígbà tí èmi àti ìyàwó àbúrò mi lọ kí wọn. Ìlú ńlá ni wọ́n bí ìyàwó yìí sí, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Ó fẹ́ràn ìwé kíkà, ó sì fẹ́ràn ọbẹ̀ sísè pẹ̀lú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ-ọmọ ìyá, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti oko dé pẹ̀lú olú tí ó fi ewé dì. Olú náà kéré púpọ̀. Orí rẹ̀ kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó sì dúdú. Ìyàwó mú ọ̀kan, ó fi ìka rẹ̀ rún un, ó gbé e sí imú. Lójú kan náà ni inú rẹ̀ dùn.

Ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó, aáyù gan-an ni èyí ń rùn! Mo kà á nínú ìwé pé ní ìlú òyìnbó, wọ́n ń fi olú tí ń rùn bí aáyù sínú ọbẹ̀ kí ó lè ta sánsán. Ẹ jẹ́ kí n fi í sí ọbẹ̀ alẹ́ yìí."

Ìyá kò dá a lóhùn. Ọmọ ni wọ́n kọjú sí, ìbéèrè mẹ́ta péré ni wọ́n sì bi í. "Níbo ni o ti rí i?" Ó ní nínú igbó, lẹ́yìn oko kòkó ni. "Orí kí ni ó ti hù?" Ó ní orí ewé gbígbẹ àti igi tí ó ti jẹrà ni. "Ta ni ó kọ́ ọ pé jíjẹ ni?" Ọmọ wo ilẹ̀, kò rí ohun kan sọ. Ìyá gba olú náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dà á sórí ààtàn, wọ́n sì ní kí ọmọ àti ìyàwó fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kì í ṣe pé fífi ọwọ́ kan olú lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kì í pẹ́ dé ẹnu.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún ìyàwó pé, "Ìyàwó mi, imú rẹ gbọ́ òórùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n imú kò bi olú ní orúkọ."

Mo rí i lójú ìyàwó pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó rò pé ìbẹ̀rù àwọn àgbà lásán ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ̀ pé ìyá tí kò ka ìwé púpọ̀ yìí ni ó mọ ìwé jù wá lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ náà síwájú yín.

OLÚ INÚ ÌWÉ ÀTI OLÚ INÚ IGBÓ WA

Ìyàwó kò parọ́. Olú tí ń rùn bí aáyù wà ní Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀kan ní Mycetinis alliaceus. Orí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 4, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dúdú. Abẹ́ igi kan tí òyìnbó ń pè ní beech ni ó sábà máa ń hù, lórí ewé tí ó ti bọ́ àti ẹ̀ka igi tí ń jẹrà lábẹ́ ilẹ̀. Ó ní ìbátan kan tí ó kéré jù ú lọ, orúkọ rẹ̀ ni Mycetinis scorodonius. Ẹsẹ̀ ti èyí pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń dán. Èyí kékeré yìí ni àwọn ará Jámánì ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń fi díẹ̀ sí ọbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń fi irú sí tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ewu wà. Igi beech kì í hù nínú igbó Epinmi. Olú tí a kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé, ilé rẹ̀ ni igbó òtútù ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú igbó tiwa, olú wẹ́wẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń jẹ ewé gbígbẹ àti igi òkú pọ̀ lóríṣiríṣi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jọ ara wọn. Pé ọ̀kan nínú wọn ní òórùn kan náà pẹ̀lú ti Yúróòpù kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá kan náà. Bí ènìyàn méjì bá wọ aṣọ àǹkárá kan náà wá sí òde, ṣé a ó torí ìyẹn sọ pé inú ilé kan ni wọ́n ti jáde?

KÍ NI Ó MÚ UN RÙN BÍ AÁYÙ?

Bí ẹ bá gbé aáyù odindi sí imú, kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ìgbà tí ẹ bá gún un tàbí tí ẹ gé e ni òórùn rẹ̀ tó gba ilé. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun méjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú aáyù. Bí a bá fọ́ ọ, àwọn méjèèjì a pàdé, wọ́n a sì bí ohun kẹta tí ń ta sánsán. Ohun kẹta yìí ní imí ọjọ́ nínú. Ọ̀nà tí ó jọ èyí ni olú aláyùú ilẹ̀ Yúróòpù ń gbà rùn: òun náà ní ohun tí ó ní imí ọjọ́ nínú, ìgbà tí a bá sì rún un ni òórùn rẹ̀ ń jáde jù.

Ẹ kíyè sí i pé òórùn yìí kì í ṣe ti aáyù nìkan. Àwọn tí ó mọ ewé mọ̀ pé òjùsàjù ń rùn bí aáyù bí a bá já a. Igi ifọ́n náà ní irú òórùn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò torí ìyẹn kó òjùsàjù sínú ọbẹ̀ ilá. Àwọn oògùn apakòkòrò kan tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko pàápàá ní òórùn bí aáyù, májèlé ni wọ́n sì jẹ́ fún ènìyàn. Ẹ rí i pé òórùn lè jẹ́ ọ̀kan kí ìwà má jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ, ọ̀kan jẹ́ egbòogi, ọ̀kan jẹ́ ikú.

Bí òórùn dídùn kò ti sọ olú di oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ retí pé kí olú burúkú máa rùn kí ó lè kìlọ̀ fún wa. Olú tí ó ń pa ènìyàn jù lọ láyé, èyí tí a ń pè ní Amanita phalloides, kì í rùn burúkú nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jẹ ẹ́ tí wọ́n sì yè ni ó sọ pé ó dùn lẹ́nu.

BÍ ÀWỌN ÌYÁ ÀKÓKÓ TI MỌ OLÚ WỌN

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá pe ìyàwó pé kí ó ká lọ sí oko. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tí a rìn díẹ̀, a dé ibì kan tí ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, tí àwọn ikán ti ṣiṣẹ́ sí. Olú wẹ́wẹ́ funfun bo ilẹ̀ náà bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀. Orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju orí ìka lọ, àárín orí náà sì ṣe ṣóńṣó díẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀ sí olú ọ̀rán. Ìyá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi igi wa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi àwọn ohun kékeré kan hàn wá, tí ó rí bí èérún kànìnkànìn. Wọ́n ní, "Orí èyí ni ó ti ń hù. Bí mi ò bá rí èyí, mi ò ní ká a."

Ohun tí ìyá fi hàn wá yẹn ni àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí. Ikán kò lè fi ara rẹ̀ nìkan lo gbogbo igi tí ó ń jẹ. Nítorí náà, irú àwọn ikán kan máa ń jẹ igi àti koríko lúúlúú, wọ́n a fi ìgbẹ́ ara wọn mọ ohun kan bí afárá sínú ilé wọn lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n a sì jẹ́ kí olú máa rú lórí rẹ̀. Olú ni ó ń bá wọn sọ igi di rírọ̀, òun náà ni wọ́n sì ń jẹ. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí ènìyàn tó mọ oko í dá ni ikán ti ń ṣe àgbẹ̀ olú. Nígbà tí òjò bá rọ̀, olú inú ilé ikán a yọ orí sí òde. Àwọn ńlá nínú wọn a máa ní gbòǹgbò gígùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé inú ilé ikán. Ní ti kékeré tí a rí yìí, àwọn ikán fúnra wọn ni ó ń kó èérún afárá náà jáde sórí ilẹ̀, olú a sì hù lórí rẹ̀. Ní ọdún 1942 ni Roger Heim, onímọ̀ ará Faransé, fún ìdílé olú ikán ní orúkọ Termitomyces. Ní ọdún 1975, B. A. Oso kọ ìwé lórí olú àti àwa Yorùbá nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ olú tí à ń pè ní Mycologia. Ẹ rí i pé ìmọ̀ àwọn ìyá wa kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ààbọ̀. N kò sọ pé olúkólùú tí ó bá ti wà lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán ni ẹ lè ká. Olú mìíràn lè hù sí ìtòsí rẹ̀. Ìyá kì í wo ohun kan ṣoṣo. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ìdí olú, wọ́n wo abẹ́ orí rẹ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n wo àkókò òjò tí ó yọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìyá wọn ni ó mú wọn lọ́wọ́ dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Bí gbogbo ẹ̀rí bá pé, wọ́n a ká a. Bí ọ̀kan bá kù, wọ́n a fi í sílẹ̀.

Ní ti àǹfààní rẹ̀ fún ara, olú dára. Bí a bá wọn olú tútù, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni ó jẹ́ omi. Ọ̀rá rẹ̀ kéré, ó sì ní èròjà tí ń mú ara dàgbà àti díẹ̀ nínú àwọn fítámì B. Bí a bá sá a sí oòrùn, fítámì D a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara olú le fún ikùn láti lọ̀, nítorí náà ẹ sè é kí ó jinná dáadáa. Ẹ má sì ṣe rò pé olú nìkan tó láti rọ́pò ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà nínú oúnjẹ ọmọ yín.

ẸJẸ́ KÍ N JẸ́WỌ́ TÈMI

Kí ẹ má bàa rò pé ìyàwó àbúrò mi nìkan ni mo ń bá wí, èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, olú ńlá funfun yọ sórí koríko ẹ̀yìn ilé mi ní Ìbàdàn. Ó lẹ́wà púpọ̀. Orí rẹ̀ fẹ̀ tó àwo, ó sì ní èépá aláwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí. Mo gbé e sí imú, òórùn rẹ̀ dára. Mo ní ó jọ èyí tí a máa ń jẹ nílé. Mo sè é, èmi àti ọkọ mi jẹ ẹ́.

Kò tó wákàtí méjì tí èébì bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e. A kò lè dìde dúró, aládùúgbò ni ó gbé wa dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi omi sí wa lára di ọjọ́ kejì. Ọlọ́run yọ wá. Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo ìyókù olú náà lórí koríko, mo sì rí i pé abẹ́ orí rẹ̀ tí ó funfun lánàá ti ń di aláwọ̀ ewé. Ìgbà náà ni mo mọ̀ ọ́n: Chlorophyllum molybdites ni, olú tí ó wọ́pọ̀ lórí koríko ní ilẹ̀ olóoru gbogbo, òun náà ni ó sì ń dá àwọn ará Amẹ́ríkà ní inú rú jù lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí o, ṣùgbọ́n mo fi ojú àti imú yan ohun tí mo jẹ. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìmọ̀ oògùn kì í ṣe ìmọ̀ olú.

ÀWỌN ÌDÁNWÒ TÍ KÒ JÁMỌ́ NǸKAN

Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni àwọn ènìyàn ń sọ fún ara wọn ní ilé ìdáná. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní ni ti ṣíbí fàdákà. Wọ́n ní bí a bá fi ṣíbí fàdákà sí inú ìkòkò olú, tí ó bá di dúdú, májèlé ni. Irọ́ ni. Imí ọjọ́ ni ó ń sọ fàdákà di dúdú, ẹyin adìẹ pàápàá a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà olú aláyùú tí kò ní májèlé lè ba ṣíbí yín jẹ́, nígbà tí Amanita phalloides, apani, yóò fi ṣíbí náà sílẹ̀ ní funfun báláú. Ẹ rí i bí ìdánwò náà ti dojú rú.

Èkejì ni ti àlùbọ́sà àti aáyù. Wọ́n ní bí a bá sè wọ́n pọ̀ mọ́ olú, tí wọn kò bá yí àwọ̀ padà, kò sí ewu. Irọ́ ni èyí náà. Àlùbọ́sà kò mọ májèlé olú yàtọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti kòkòrò àti ìgbín. Wọ́n ní ohun tí kòkòrò bá jẹ, ènìyàn lè jẹ ẹ́. Inú kòkòrò àti inú ìgbín kì í ṣe inú ènìyàn. Wọ́n lè jẹ olú apani kí wọ́n má sì kú.

Ẹ̀kẹrin ni pé iná ń pa májèlé. Òótọ́ ni pé sísè a máa mú kí àwọn olú kan rọrùn fún ikùn, ṣùgbọ́n májèlé tí ó wà nínú Amanita phalloides kò bẹ̀rù iná. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ sá a gbẹ, ẹ gbé e sínú fíríìjì, ibẹ̀ ni yóò wà.

Ẹ̀karùn-ún ni pé èyí tí ó bá kéré kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan. Olú kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà tí ń hù lórí igi jíjẹrà ní ilẹ̀ òtútù, Galerina marginata ni orúkọ rẹ̀. Kò tóbi, ṣùgbọ́n irú májèlé kan náà ni ó gbé sínú.

Ẹ̀kẹfà ni òórùn, èyí tí a ti sọ.

ÌGBÀ TÍ ÀÌSÀN BÁ BẸ̀RẸ̀

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Bí èébì bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí a jẹ olú, bí ó ti rí fún èmi àti ọkọ mi, ìyà rẹ̀ pọ̀, ó sì lè ṣe ọmọdé àti arúgbó léṣe gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni èyí tí kò tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ irú májèlé Amanita phalloides lè sùn kí ó má mọ nǹkan kan. Ó di wákàtí 6, ó lè pẹ́ tó wákàtí 24, kí inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó dé. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ara rẹ̀ a dà bí ẹni pé ó ti yá. Àwọn ará ilé a máa dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni májèlé náà ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá fi máa pọ́n bí ti ibà pọ́njú, ọ̀ràn ti di ńlá.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn lẹ́yìn tí ó jẹ olú:

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wò ó di òwúrọ̀, ẹ má sì torí pé ara rẹ̀ yá díẹ̀ mú un padà sílé kí dókítà tó dá a sílẹ̀.

Gbogbo ẹni tí ó jẹ nínú ọbẹ̀ náà ni kí ó lọ, títí kan ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ẹ mú ìyókù olú dání, ìbáà ṣe tútù tàbí sísè. Ẹ fi ìwé wé e, ẹ má fi ọ̀rá dì í, kí ó má bàa tètè jẹrà. Bí ẹ bá ní fóònù, ẹ ya àwòrán èyí tí ó ṣẹ́ kù níbi tí ó ti hù, láti òkè àti láti abẹ́.

Ẹ sọ wákàtí tí ẹ jẹ ẹ́ àti wákàtí tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ fún dókítà. Ìyàtọ̀ láàárín wákàtí méjèèjì yìí ni yóò kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn án.

Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní ọtí, ẹ má sì fi ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Bí ó bá lè mu omi fúnra rẹ̀, ẹ máa fún un ní omi díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà.

FÚN ÀWA TÍ Ń RA OLÚ NÍ ÌLÚ

Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ní igbó lẹ́yìn ilé. Ọjà ni ẹ ti ń ra olú. Ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, tí ó ń tà á ní ọdọọdún. Ẹ ra èyí tí ó pé lódindi, tí ẹ lè rí orí àti ìdí rẹ̀. Olú tí a ti gé wẹ́wẹ́ tàbí tí ó ti rún, kò sí ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí i. Bí onírúurú bá dà pọ̀ mọ́ ara wọn nínú igbá kan, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má ká olú tí ó hù lẹ́bàá títì tàbí lórí ààtàn tàbí ní oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n oògùn sí. Olú a máa fa èròjà burúkú bí òjé láti inú ilẹ̀ sí ara rẹ̀, fífọ̀ kò sì lè mú un kúrò. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi olú sínú agbọ̀n tàbí inú ìwé, ẹ má dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kí ẹ sì tètè sè é. Èyí tí ó bá ti ń yọ omi, tí ó sì ń rùn, ẹ dà á nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olú tí ẹ mọ̀ dáadáa.

Àwọn kan wà nísinsìnyí tí wọ́n ń gbin olú sínú ilé, lórí ìyẹ̀ pákó tí ń bọ́ nídìí ayùn. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ jù, nítorí ẹni tí ó tà á mọ irúgbìn tí ó fi sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Kí òjò ọdún yìí tó dá, ìyàwó àbúrò mi fi fóònù pè mí láti ọjà. Ó ní òun dúró níwájú ẹnì kan tí ń ta olú, olú náà lẹ́wà, ó sì ń ta sánsán. Mo bi í pé kí ni ó wá fẹ́ ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo bi ẹni tí ń tà á léèrè ibi tí ó ti ká a, kò mọ̀. Mo bi í pé orí kí ni ó ti hù, ó ní ẹnì kan ni ó gbé e fún òun. Mi ò bi í ní ẹ̀kẹta mọ́. Ẹja ni mo rà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ránṣẹ́ sí ìyá ní Epinmi pé ìyàwó wọn ti mọ olú. Kò tíì mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi wọ́n sílẹ̀, ìyẹn sì ni ìdajì ìmọ̀.

Ẹ̀yin ìyálé ilé, ẹ̀yin bàbá, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí: Níbo ni ó ti hù? Orí kí ni ó ti hù? Ta ni ó mọ̀ ọ́n tí ó sì ti jẹ ẹ́ rí? Bí ìdáhùn ọ̀kan kò bá sí, kí òórùn rẹ̀ dùn ju ti aáyù lọ, kí ó lẹ́wà ju òdòdó lọ, ẹ má jẹ́ kí ó kan ìkòkò yín. Àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n wí pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má fi oúnjẹ ṣe wá ní ibi.